Mọremí Àjàṣorò àti Ìtàn Ìfẹ́ Ìgbà Ogun

Mọremí Àjàṣorò ni obìnrin tí ìtàn ìfẹ́ àti ogun rẹ̀ lókìkí jù lọ nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn ará Ọ̀ffà, ní ìpínlẹ̀ Kwara, gbà pé ọmọ bíbí ìlú àwọn ni. Ilé-Ifẹ̀ ló lọ́kọ sí, ilẹ̀ Ugbò ni wọ́n mú un lẹ́rú lọ, ọba ibẹ̀ sì fi í ṣe aya. Láti ẹnu àwọn àgbà ni ìtàn náà ti bọ́ sórí ìtàgé, tó wọ inú ìwé, tó sì di ohun tí àwọn òǹkọ̀wé ń tún gbé yẹ̀ wò láti ìran dé ìran.

Ọmọ Ọ̀ffà, aya Ifẹ̀

Ìlú àwọn Ìbọ̀lọ́, ẹ̀yà Yorùbá kan, ni Ọ̀ffà. Ọlálọ́mí Ọlọ́fàgangan, ọmọ ọba láti Ọ̀yọ́ tó mọ ọfà í ta, ni wọ́n ní ó tẹ̀ ẹ́ dó, Ọlọ́fà sì ni wọ́n ń pe ọba ibẹ̀ títí dòní. Gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ló mọ̀ wọ́n mọ ìjàkadì. Ohun tí wọ́n fi ń yangàn pẹ̀lú ìjàkadì ni pé àwọn ló bí Mọremí, tí wọ́n sì fà á fún akọni Ọ̀rànmíyàn láya ní Ifẹ̀.

Ẹni tó bá ṣírò ìran yóò rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ní ìkọ́ nínú. Ọ̀rànmíyàn ni ìtàn sọ pé ó tẹ Ọ̀yọ́ dó, Ọ̀yọ́ sì ni Ọlálọ́mí ti wá tẹ Ọ̀ffà dó. Nígbà náà, báwo ni ọmọ Ọ̀ffà ṣe di aya Ọ̀rànmíyàn? Ìtàn àtẹnudẹ́nu kì í ka ọdún bí ìwé ṣe ń kà á. Ó máa ń kó àwọn ẹni ńlá jọ sójú kan. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, kọ ìtàn Mọremí sílẹ̀. Arẹwà obìnrin oníwà rere, aya akọni, tí kò ní ju ọmọkùnrin kan ṣoṣo lọ, ni ó pè é.

Ogun àwọn oníko

Ní àsìkò náà, àwọn ará Ugbò máa ń jáde láti inú igbó wá kó Ifẹ̀ lẹ́rù. Ìko ni wọ́n fi bora látòkè délẹ̀. Àwọn ará Ifẹ̀ rò pé iwin tàbí òrìṣà ni wọ́n, nítorí náà kò sẹ́ni tó jẹ́ gbé ohun ìjà sí wọn. Bí wọ́n bá ti yọ, ńṣe ni gbogbo ìlú á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, tí wọn á sì kó èèyàn àti ẹrù lọ.

Mọremí lọ sí odò Ẹsìnmìrìn, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí òun bá mọ àṣírí wọn, ohun tó ṣe iyebíye jù lọ lọ́wọ́ òun ni òun yóò fi san án. Nígbà tí wọ́n tún dé, gbogbo ayé sá, òun dúró. Wọ́n mú un lọ, ẹwà rẹ̀ sì wọ ọba wọn lójú. Bó ṣe di aya ọba nìyẹn. Díẹ̀díẹ̀, nínú ilé ọkọ tuntun yìí, ó rí i pé èèyàn ẹlẹ́ran ara bíi tirẹ̀ ni àwọn tí Ifẹ̀ ń bẹ̀rù, àti pé iná ni ẹ̀rù wọn. Nígbà tó ráyè, ó sá padà sílé. Nígbà tí àwọn ajagun náà tún yọ, ògùṣọ̀ tó ń jó ni Ifẹ̀ fi pàdé wọn. Ogun náà tán lọ́jọ́ náà.

Ilẹ̀ ògùrọ̀

Ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí kò lè ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ tí kò ní igi ọ̀pẹ àti igi ògùrọ̀. Ugbò tí à ń sọ yìí wà ní ilẹ̀ Ìlàjẹ lónìí, ní ìpínlẹ̀ Òndó, níbi tí omi àti àbàtà pọ̀ sí, tí ògùrọ̀ sì ń hù fúnra rẹ̀. Lára ewé rẹ̀ tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ ni wọ́n ti ń bó ìko: wọn á ya ewé náà, wọn á bó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ara rẹ̀, wọn á sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ. Ìko tó bá gbẹ tán kì í bá iná ṣeré. Ẹ̀ta iná kan ti tó o. Ògùṣọ̀ tí Ifẹ̀ sì fi sun ún, ara èso ọ̀pẹ ni wọ́n ti ń rí ìhá tí wọ́n fi ń ṣe é.

Igi kan náà tó fún àwọn ajagun láṣọ ló ń fún àwọn èèyàn rẹ̀ lọ́tí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni igi ògùrọ̀ ń yọ òdòdó láyé rẹ̀, tó bá sì ti so tán, ó kú. Nítorí náà, ẹni tó ń dá ògùrọ̀ gbọ́dọ̀ mọ àsìkò: kó gun igi kí òdòdó tó tú, kó sì máa fá ojú ibi tó gé ní àràárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ kí omi rẹ̀ má baà dí. Èyí tó bá gbé sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀ á dùn yùngbà. Bí oòrùn bá fi yẹ àtàrí, ó ti kan. Bí wọ́n bá sè é, tí wọ́n gba ooru rẹ̀, ògógóró ni.

Iye tí ó san

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìtàn ìfẹ́ ti máa ń parí, ibẹ̀ gan-an ni ti Mọremí ti le. Ó padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀, ìlú ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ́ wà nílẹ̀. Ó gbé àgùntàn lọ, odò kọ̀ ọ́. Ó gbé ewúrẹ́ àti akọ màlúù lọ, odò kọ̀ ọ́. Olúorógbó, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ni odò ń bèèrè. Ó fi í sílẹ̀. Gbogbo Ifẹ̀ bá a sunkún, wọ́n sì ṣèlérí pé àwọn yóò jẹ́ ọmọ fún un títí ayé. Ọdún Ẹdì ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀ ní Ifẹ̀ lọ́dọọdún. Ní 2016, Ọọ̀ni Adéyẹyè Ògúnwùsì ṣí ère ńlá rẹ̀ kan sílùú náà, ère tí gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 42. Orúkọ rẹ̀ tún wà lára ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ní Yunifásítì Èkó àti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀.

Ugbò ní ìtàn tiwọn. Wọ́n ní àwọn ni onílẹ̀ Ifẹ̀ kí Odùduwà tó dé, pé ilé baba àwọn ni àwọn ń jà fún. Bí a bá gbà á bẹ́ẹ̀, ọkọ kejì Mọremí kì í ṣe ọlọ́ṣà. Ọba tí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni, obìnrin tó fẹ́ràn ló sì tú àṣírí rẹ̀. Òǹkọ̀wé tí kò bá gbọ́ ẹjọ́ ìhà méjèèjì yóò fi ohun tó dùn jù nínú ìtàn náà sílẹ̀.

Lórí ìtàgé àti nínú ìwé

Dúró Ládiípọ̀, àgbà òṣèré Òṣogbo tó kú ní 1978, gbé Mọremí sórí ìtàgé. Ní Èkó, ní oṣù Kejìlá 2018, wọ́n ṣe é ní eré olórin ńlá. Ẹni tó yí ìtàn náà padà jù lọ ni Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan nínú eré *Morountodun*, tó jáde ní 1982. Ìjà Àgbẹ́kọ̀yà tí àwọn àgbẹ̀ jà ní 1968 sí 1969 ló fi ṣe ogun inú rẹ̀. Títúbí, ọmọ olówó, fẹ́ ṣe bíi Mọremí: ó wọ àárín àwọn àgbẹ̀ kó lè mú olórí wọn, Marshal. Nígbà tó rí ìyà tí wọ́n ń jẹ, ó yí sẹ́yìn wọn, ó sì di aya Marshal.

Àwọn ìwé mìíràn gba ọ̀nà tó sún mọ́ èyí. Nínú *Ẹfúnṣetán Aníwúrà* tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ (1970), ìfẹ́ Ìtáwuyì àti Adétutù, ẹrú méjì nílé Ẹfúnṣetán, Ìyálóde Ìbàdàn, ló dá ìjà sílẹ̀. Nínú *Half of a Yellow Sun* (2006), Chimamanda Ngozi Adichie fi ìfẹ́ Olanna àti Odenigbo sínú ogun Biafra ti 1967 sí 1970. Fíìmù *Jagun Jagun* (2023) fi ọ̀dọ́kùnrin kan sínú ìfẹ́ pẹ̀lú ọmọ jagunjagun tó ń kọ́ ọ níjà. Lókè òkun, irú ìwé ìfẹ́ ìgbà ogun yìí ti di ọjà títà: *The Winemaker's Wife* tí Kristin Harmel kọ (2019) ṣẹlẹ̀ ní Champagne, ilẹ̀ wáìnì nílẹ̀ Faransé, nígbà tí Jámánì gbà á nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn tó ń ṣe wáìnì níbẹ̀ ní ihò abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n lè fi ọtí àti èèyàn pa mọ́ sí. Adẹ́mu tiwa kò ní irú ihò bẹ́ẹ̀. Òógùn òní ni owó òní rẹ̀, bí ogun bá lé e kúrò nídìí igi, ebi dé.

Ogun tí Ọ̀ffà fojú ara rẹ̀ rí

Ọ̀ffà ní ogun mìíràn tó sún mọ́ wa ju ti Mọremí lọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá 1878, Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin àti àwọn alájọṣe rẹ̀ nítòsí Ìkìrun nínú ogun Jálumi, ọ̀pọ̀ ọmọ ogun sì bá odò Ọ̀tìn lọ. Ọ̀ffà fara mọ́ Ìbàdàn. Lẹ́yìn èyí ni Ìlọrin dó tì í fún ọdún púpọ̀ títí ìlú fi fọ́, tí àwọn èèyàn rẹ̀ sì tú ká. Ní irú ogun bẹ́ẹ̀, ìyàwó pàdánù ọkọ, ẹlòmíì di aya ẹni tó kó o lẹ́rú, ẹlòmíì sì bímọ sílé ọ̀tá tí kò lè fi sílẹ̀ mọ́. Ìtàn Mọremí nìyẹn, àmọ́ kò sí ère tí wọ́n gbẹ́ fún wọn. Àwọn ìdílé Ọ̀ffà tó bá ṣì mọ orúkọ ìyá ńlá wọn tó la ogun náà já, kí wọ́n jókòó ti àwọn àgbà wọn, kí wọ́n gbà á sílẹ̀. Kí àwọn òǹkọ̀wé wa sì fi èdè Yorùbá sọ ọ́ di ìwé kí ẹnu tó lè sọ ọ́ tó dákẹ́.