Ìwé, Òkun àti Ilẹ̀ ní Agbègbè Lẹ́kì

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1859 ni Àlùfáà Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní Abẹ́òkúta. Ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n ń ta ẹ̀dà kan. Láti ìgbà náà ni ìwé kíkà ti di ọ̀nà tí ọmọ Yorùbá ń gbà mọ ohun tí ó ń lọ ní àyíká rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn mọ ìwé kà jẹ́ ohun kan. Kí ó lè gbé ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ sínú ìwé lé orí ìwọ̀n, pàápàá ọ̀rọ̀ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ọ̀rọ̀ tó kan àwùjọ, ohun mìíràn ni. Ìtàn ilẹ̀ etíkun tí ó bẹ̀rẹ̀ láti Màrókò, tí ó gba Lẹ́kì kọjá dé Ajah, fi ìyàtọ̀ yìí hàn kedere.

Òkun ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún 1908 sí 1912, ìjọba amúnisìn na ògiri òkúta wọ inú òkun ní ẹnu ọ̀nà ọ̀sà Èkó, kí ọkọ̀ ojú omi ńláńlá lè máa wọlé láìfi ìdí sọlẹ̀ lórí iyanrìn. Ní etíkun yìí, ìwọ̀-oòrùn ni ìgbì òkun ti máa ń ru iyanrìn lọ sí ìlà-oòrùn. Ògiri náà dá iyanrìn dúró lójú ọ̀nà. Nítorí náà, ilẹ̀ ń pọ̀ sí i ní apá ìwọ̀-oòrùn, ṣùgbọ́n ní apá ìlà-oòrùn, níbi tí Bar Beach wà, òkun ń jẹ ilẹ̀, kò sì rí iyanrìn tuntun fi dípò. Kí ó tó di ọdún 1960, òkun ti wọlé ju kìlómítà kan lọ níbẹ̀. Léraléra ni ìjọba ń kó iyanrìn dà síbẹ̀, léraléra ni òkun sì ń kó o lọ. Nígbà tí ọ̀mọ̀wé A. C. Ibe kọ ìwé rẹ̀ lórí bí òkun ṣe ń jẹ etíkun Nàìjíríà ní ọdún 1988, èdè Gẹ̀ẹ́sì àwọn onímọ̀ ni ó fi kọ ọ́. Ìmọ̀ náà wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn láti orí pẹpẹ ìwé ní yunifásítì dé abà apẹja.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó, lábẹ́ Gómìnà Raji Rasaki, kéde lórí rédíò pé kí àwọn ará Màrókò kó ẹrù wọn láàárín ọjọ́ méje. Nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ènìyàn, èyíinì ni 300,000, ni wọ́n lé kúrò. Lára ìdí tí ìjọba sọ ni pé ilẹ̀ náà kò ga ju òkun lọ tó, omi sì lè bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n ní kò sí ètò ìmọ́tótó níbẹ̀ pẹ̀lú. Lójú ẹni tí kò kàwé, ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì ti parí ẹjọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Òótọ́ ni pé ilẹ̀ náà rẹlẹ̀. Òǹkàwé tó mọ bí a ti í wádìí ọ̀rọ̀ yóò tún béèrè pé: bí omi bá lè bo ilé tálákà, kí ni kò ní jẹ́ kí ó bo ilé ọlọ́rọ̀? Lẹ́yìn tí katakata ti wó Màrókò, iyanrìn ni wọ́n fi kún ilẹ̀ ibẹ̀, ilé olówó iyebíye sì dìde lórí rẹ̀. Bí iyanrìn àti gọ́tà bá lè wo àrùn ilẹ̀ náà sàn fún àwọn tó dé lẹ́yìn, a jẹ́ pé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nìkan kọ́ ló lé àwọn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Díẹ̀ nínú wọn rí ibùgbé ní Ìlàsàn àti Ìkòtà. Ọ̀pọ̀ fọ́nká, àwọn mìíràn sì gba ọ̀nà Ajah lọ.

Ọdún 1988 ti fi òdìkejì rẹ̀ hàn. Wọ́n ti kó ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá dà sí Kókó, ní Ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tó wà ní Ítálì kà nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ibẹ̀, wọ́n sì kọ̀wé sílé. Ariwo sọ, ìdọ̀tí náà padà sí ibi tó ti wá, ìjọba sì dá àjọ tí yóò máa dáàbò bo àyíká sílẹ̀ lọ́dún kan náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé Silent Spring, tí Rachel Carson kọ fún gbogbo ènìyàn ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1962, ṣe la ojú àwọn ará ìlú sí oògùn apakòkòrò DDT. Ní ọdún 1972 ni ìjọba ibẹ̀ ka ọ̀pọ̀ ìlò rẹ̀ léèwọ̀.

Ọ̀rọ̀ Lẹ́kì kò tíì tán. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, òkun ru bo etíkun Kúrámò, ó sì gba ẹ̀mí ènìyàn. Ní Òkun Alfa, ilé àti ọ̀nà ti wọ inú omi. Àwọn ará ibẹ̀ ń di ẹ̀bi ru ìlú tuntun Eko Atlantic tí wọ́n ń kó iyanrìn kọ́ sójú òkun. Àwọn tó ń kọ́ ọ ní àwọn kọ́. Ta ni yóò yanjú irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ní Ajah, bí kò bá lè ka àlàyé tirẹ̀?

Iṣẹ́ olùkọ́ ló wà níbí. Ètò Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ọlọ́dún Mẹ́fà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, ti fi hàn pé ọmọ lè kọ́ sáyẹ́ǹsì ní èdè Yorùbá kí ó sì yé e yékéyéké. Kí akẹ́kọ̀ọ́ máa bi ìwé ní ìbéèrè mẹ́ta: ta ló sọ ọ́, kí ló fi ṣe ẹ̀rí, ta ni yóò jèrè rẹ̀? Ọjọ́ méje péré ni wọ́n fún Màrókò. Ẹni tí kò bá ti kàwé ṣáájú, kò sí bí yóò ṣe kà á tán láàárín ọjọ́ méje.