Ilé onígi tó ń rìn lójú ọ̀nà

Ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn ọkọ̀ kan. Ilé ni, mọ́tò sì ni. Inú ìtì igi kan ṣoṣo ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ, bí a ti ń gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi.

Nígbà tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní Amẹ́ríkà, ilé tí àlejò lè sùn sí kò pọ̀ lójú ọ̀nà jíjìn. Nítorí náà, àwọn kan fi pákó kọ́ yàrá lé mọ́tò wọn. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n ń sùn níbẹ̀, wọ́n ń dáná níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ti Charles Kellogg yàtọ̀.

Kalifọ́níà ni wọ́n ti bí Kellogg ní ọdún 1868. Ó mọ ohùn ẹyẹ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èèyàn ń sanwó láti gbọ́ bó ṣe ń ké bí ẹyẹ. Ní Kalifọ́níà yìí ni igi redwood wà. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni igi pupa. Kò sí igi tó ga tó o láyé. Òmíràn ga ju mítà 100 lọ. Òmíràn ti lò ju ọdún 2000 lọ. Ṣùgbọ́n àwọn agégi ń gé e lulẹ̀. Wọ́n ń fi kọ́lé, wọ́n sì ń tẹ́ ẹ sábẹ́ ojú irin rélùwéè.

Báwo ni ẹni tó ń gbé ní ọ̀nà jíjìn, tí kò rí igi náà rí, yóò ṣe mọ ohun tó ń ṣòfò? Ìròyìn kò tó àfojúbà. Bí wọn kò bá lè wá wo igi, igi ni yóò lọ bá wọn.

Ní ọdún 1917, Kellogg mú ìtì redwood kan tí gígùn rẹ̀ lé ní mítà 6 àti ààbọ̀. Wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ di yàrá. Wọ́n ṣe fèrèsé, ibùsùn àti ibi ìdáná sí i. Wọ́n gbé e lé ọkọ̀ akẹ́rù Nash Quad. Ọkọ̀ yìí lágbára, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ̀rọ ń yí. Irú rẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun fi ń kó ẹrù nígbà ogun 1914 sí 1918. Kellogg sọ ilé náà ní Travel Log, èyí ni ìtì igi arìnrìn-àjò. Ó wà á la Amẹ́ríkà kọjá, kí àwọn èèyàn lè fojú ara wọn rí igi náà.

Kì í ṣe òun nìkan ló pariwo. Ní ọdún 1918, àwọn kan dá ẹgbẹ́ Save the Redwoods League sílẹ̀. Wọ́n ń kó owó jọ láti ra igbó náà, kí ẹnikẹ́ni má bàa gé e mọ́. Síbẹ̀, púpọ̀ ti lọ. Bí a bá pín igbó àtijọ́ náà sí ọ̀nà 100, bíi ọ̀nà 5 péré ló kù.

Kellogg kú ní ọdún 1949. Ilé onígi rẹ̀ ṣì wà ní Humboldt Redwoods State Park, ní Kalifọ́níà. Igbó tí ìjọba ń ṣọ́ ni. Ìtì náà ti padà sáàárín àwọn ẹbí rẹ̀ tó ṣì dúró.

Ẹni tó bá fẹ́ kí ará ìlú bá òun tọ́jú nǹkan, kó jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fojú rí i.