Pẹpẹ ìkẹ́rù ẹ̀yìn katakata: Ṣé kí àgbẹ̀ rà á ni, àbí kó ní kí ajórin ṣe é?

Ẹ̀gẹ́ kì í dúró de olóko. Bí wọ́n bá ti fà á tu tán, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni inú rẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, àwọn tó ń fi ṣe gààrí yóò sì máa dá iye tó wù wọ́n lé e. Ọ̀dùnkún, tí àwọn mìíràn ń pè ní ànàmọ́, tó jẹ́ irè tí gbogbo èèyàn fi mọ agbègbè Ọ̀fà, kò yàtọ̀ púpọ̀. Awọ ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, ibi tó bá ti ṣí lára rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń jù ú kiri ni ìdíbàjẹ́ máa ń gbà wọlé. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ bí irè ṣe ń kúrò láàárín oko dé etí títì kò fi ṣe é fọwọ́ yẹpẹrẹ mú fún àwọn àgbẹ̀ Òjòkú, àti àwọn ìlú mìíràn ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yun, bí Ẹ̀rìn-Ilé, Ìpé, Ìjàgbó àti Ìlémọ̀nà. Orí ni wọ́n fi ń ru irè láyé àtijọ́, ọ̀kadà gba iṣẹ́ náà ṣe nígbà tó yá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ní katakata kékeré tirẹ̀, tàbí tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rẹ̀ ní ọ̀kan, ti ní ohun tó lè gbé ẹrù náà, bó bá rí ohun tí yóò so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀.

Ohun èlò tó wà fún irú iṣẹ́ yìí ni àwọn tó ń ta irinṣẹ́ oko lókè òkun ń pè ní carryall. Pẹpẹ ìkẹ́rù ni, bí ìgbà tí wọ́n fi irin àti pákó kan àtẹ tí wọ́n wá gbé e kọ́ ẹ̀yìn katakata. Kò ní táyà, kò ní ẹ́ńjìnnì, kò sí ohunkóhun tó ń yí lára rẹ̀. Apá irin mẹ́ta tó wà lẹ́yìn katakata, èyí tí wọ́n fi ń gbé ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ àti ẹ̀rọ ìkọbè, náà ló ń gbé e. Awakọ̀ á sọ ọ́ kalẹ̀ kí wọ́n di ẹrù sí i, á sì fa irin kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó rẹ̀ kó lè gbé e kúrò nílẹ̀. Àpò ajílẹ̀, igi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbìn, kẹ́ẹ̀gì omi fún oògùn tí wọ́n ń fín sí koríko, apẹ̀rẹ̀ ọ̀dùnkún, gbogbo rẹ̀ ló gbà. Ó tún máa ń dé ibi tí tírélà kékeré tí katakata ń fà kò lè yí sí, torí pé kò gùn, kò sì ní táyà tirẹ̀ tí yóò máa gun ebè.

Katakata ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn o. Èyí tó jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì, tí awakọ̀ ń tẹ̀lé lẹ́yìn bí ẹni tó ń ti bárò, kì í ní apá mẹ́ta yìí. Tírélà kékeré ni kí ẹni tó ní irú rẹ̀ wá.

Harry Ferguson, ọmọ ilẹ̀ Ireland, ni wọ́n mọ̀ mọ́ ètò apá mẹ́ta náà. Ọdún 1939 ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbajúmọ̀ lára katakata tí òun àti Henry Ford jọ gbé jáde ní Amẹ́ríkà, nígbà tó sì di ọdún 1946, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe katakata Ferguson TE20 nílùú Coventry, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lára àwọn ohun èlò tí wọ́n ń tà pẹ̀lú rẹ̀ ni àpótí irin ìkẹ́rù tó ń kọ́ sí ẹ̀yìn, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n carryall òde òní. Ilé-iṣẹ́ Ferguson dara pọ̀ mọ́ Massey-Harris ti ilẹ̀ Kánádà lọ́dún 1953, ibẹ̀ sì ni orúkọ Massey Ferguson, tí àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà mọ̀ dáadáa, ti wá. Ohun tó mú kí ìtàn yìí wúlò fún ẹni tó fẹ́ ra pẹpẹ tàbí tó fẹ́ ṣe é ni pé láti ìgbà náà ni àwọn tó ń ṣe katakata káàkiri àgbáyé ti fẹnu kò lórí bí apá mẹ́ta náà ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó, àti bí ihò rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó. Ẹni tó bá mọ ìwọ̀n náà lè ṣe pẹpẹ ní Ọ̀fà kó sì bá katakata tó ti Íńdíà tàbí Japan wá mu rẹ́gí.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí rírà. Ní Amẹ́ríkà, egungun irin pẹpẹ náà nìkan ni wọ́n sábà máa ń tà, olùrà ni yóò wá pákó tí yóò tẹ́ sórí rẹ̀. Wọ́n á kọ iye ẹrù tó lè gbé sí i lára: òmíràn kò gbọ́dọ̀ ru ju 500 pọ́n-ùn lọ, ìyẹn nǹkan bíi kílò 227, òmíràn sì lè ru jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí ni àǹfààní tó ga jù nínú rírà, pé ẹnìkan ti ṣírò rẹ̀, ó ti dán an wò, ó sì ti fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún un. Ṣùgbọ́n ní Nàìjíríà, ẹ̀rọ ìtúlẹ̀, háró, ẹ̀rọ ìkọbè àti tírélà ló wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò katakata. Ẹni tó bá fẹ́ carryall yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ pé láti òkè òkun ni wọn yóò ti bá òun gbé e wá. Irin tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ sì máa ń gba àyè nínú ọkọ̀ ojú omi, owó ọkọ̀ rẹ̀ lè sún mọ́ iye tí wọ́n ń ta ohun náà gan-an. Owó náírà tún wá dá kún un. Kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó dé, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní ọjà ìjọba. Nígbà tí ọdún 2024 fi ń parí, ó ti lé ní 1,500. Lóòótọ́, irin tí àwọn ajórin ń lò nílé náà gbówó lórí, àmọ́ owó iṣẹ́ wọn kì í ṣe dọ́là.

Ọ̀rọ̀ àtúnṣe tún wà níbẹ̀. Bí pẹpẹ tí wọ́n rà bá tẹ̀ láàárín ìkórè, ajórin àdúgbò náà ni yóò tún un ṣe, kì í ṣe ẹni tó ṣe é. Nítorí náà, kò sí bí àgbẹ̀ ṣe fẹ́ sá fún ajórin pátápátá.

Ohun tí ṣíṣe rẹ̀ máa gbà kò pọ̀. Pẹpẹ tó gùn ní mítà 1.2 ní ìbú katakata, tó sì jẹ́ mítà kan sí ẹ̀yìn, yóò gba nǹkan bíi mítà 10 irin oníkọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní angle iron, títí kan òpó iwájú rẹ̀ àti àwọn irin tó dì í mú. Bí irin náà bá jẹ́ mílímítà 50 ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tó sì nípọn ní mílímítà 5, kílò 3.77 ni mítà kọ̀ọ̀kan rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á wá jẹ́ nǹkan bíi kílò 38. Pákó ìrókò tó nípọn ní mílímítà 25 tí wọ́n bá tẹ́ sí i yóò wọn nǹkan bíi kílò 20. Pẹpẹ náà fúnra rẹ̀ yóò wá tó kílò 60. Ọ̀pá irin oní-mítà 6 méjì yóò tó o, yóò sì ṣẹ́kù díẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ àwọn ajórin ti sábà máa ń kùnà ni ibi tí pẹpẹ ti pàdé katakata. Katakata tí agbára rẹ̀ wà láàárín ẹṣin 20 sí 45 sábà máa ń wà ní ìpele kìíní nínú ìwọ̀n àgbáyé tí wọ́n fẹnu kò lé lórí. Ní ìpele yìí, píìnì apá méjì ìsàlẹ̀ nípọn ní mílímítà 22, ti apá òkè sì jẹ́ mílímítà 19. Àlàfo tó wà láàárín apá ìsàlẹ̀ méjèèjì jẹ́ mílímítà 683, píìnì òkè sì fi mílímítà 460 ga ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Katakata ńlá wà ní ìpele kejì, níbi tí píìnì ìsàlẹ̀ ti tó nǹkan bíi mílímítà 28, àlàfo náà sì jẹ́ mílímítà 825. Bí ajórin bá wo ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ katakata ńlá tó wà nítòsí rẹ̀, tó sì fi ìwọ̀n rẹ̀ ṣe pẹpẹ fún katakata kékeré, kò ní wọlé. Èyí tó burú ju ìyẹn lọ ni píìnì tín-ín-rín nínú ihò ńlá: yóò wọlé, yóò máa mì, yóò sì máa jẹ ihò náà títí yóò fi já lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ẹrù lórí.

Píìnì wọ̀nyí kì í ṣe ohun tó yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe fúnra rẹ̀. Àwọn kan a máa gé irin kọ́ńkéré, èyí tí àwọn bírìkìlà ń lò, wọ́n á sì jó o mọ́ ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ. Wọn kò ṣe irin yẹn fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Píìnì gidi wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara katakata, owó rẹ̀ kéré sí ewu tó ń dènà. Bó bá sì ṣeé ṣe, kí irin méjì di píìnì ìsàlẹ̀ kọ̀ọ̀kan mú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kó má ṣe kàn yọ síta bí ìka kan ṣoṣo.

Ní ti jíjó irin náà, kí ajórin jó gbogbo ìpàdé irin yí ká, kó má ṣe fi iná tọ́ ọ níbi méjì kó sì ní ó ti tó. Electrode géèjì 10 ló yẹ irin tó nípọn tó báyìí. Òpó iwájú tí apá òkè ń dì mú gbọ́dọ̀ ní irin ìdìmú méjì tó ti orí rẹ̀ lọ sí eteetí pẹpẹ lẹ́yìn, nítorí òun ni ẹrù ń fà sẹ́yìn nígbà gbogbo. Kí wọ́n kun ọ̀dà sí i kí òjò tó rí i.

Èyí tó kù ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ẹrù, òun gan-an ló sì léwu jù. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ rò pé bí apá katakata bá ti lè gbé ẹrù nílẹ̀, kò séwu mọ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹrù bá ti wúwo lẹ́yìn, táyà iwájú ń fúyẹ́, táyà iwájú ló sì ń darí ọkọ̀. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi lélẹ̀ ni pé, ó kéré tán, ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ìwúwo gbọ́dọ̀ wà lórí táyà iwájú. Ká ní katakata kan wọn kílò 1,000, tí 400 nínú rẹ̀ wà níwájú, tí àlàfo láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn sì jẹ́ mítà 1.6. Bí pẹpẹ àti ẹrù rẹ̀ bá jẹ́ kílò 300, tí àárín rẹ̀ sì jìnnà sí ìdí táyà ẹ̀yìn ní mítà 1.5, nǹkan bíi kílò 119 péré ni yóò kù níwájú, nínú 1,300. Ìyẹn kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Lórí òkè tàbí nínú ẹrẹ̀, irú katakata bẹ́ẹ̀ lè nàró sókè bí ẹṣin. Bí pẹpẹ àti ẹrù bá jẹ́ 150 lápapọ̀, nǹkan bíi kílò 259 ni yóò kù níwájú, ìyẹn sì dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí pẹpẹ fúnra rẹ̀ ti jẹ́ 60, ẹrù tó kù kò ju kílò 90 lọ. Bí wọ́n bá so irin ìwọ̀n tó jẹ́ kílò 100 mọ́ iwájú katakata náà, tó yọ síwájú díẹ̀ ju táyà lọ, ó lè gbé ẹrù bíi 190.

Èyí ni ìdí tí kò fi dára kí àgbẹ̀ sọ fún ajórin pé kó lo irin tó nípọn jù lọ. Kílò kọ̀ọ̀kan tó bá fi kún pẹpẹ ni yóò yọ kúrò nínú ọ̀dùnkún tó fẹ́ gbé. Pẹpẹ tó gùn jù sí ẹ̀yìn náà kò ṣàǹfààní, torí pé ẹrù á jìnnà sí katakata. Dúrọ́ọ̀mù omi oní-lítà 200 sì rèé, kílò 200 ni omi inú rẹ̀ nìkan, bó bá sì kún dé ìlàjì, á máa lọ síwá sẹ́yìn. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ sábà máa ń tó báyìí, tírélà ni kó ra, kó fi carryall sílẹ̀. Kò sì yẹ kí ènìyàn jókòó sórí pẹpẹ yìí láéláé, ì báà jẹ́ ọmọdé tó ń bọ̀ láti ilé ìwé.

Fún àgbẹ̀ Òjòkú, nígbà náà, ṣíṣe ló dára jù, bí ó bá lè ra píìnì rẹ̀ kó sì jẹ́ kí ẹni tó mọ ìwọ̀n tó wà lókè yìí bá ajórin wò ó. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò jìnnà. Ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀fà láti ọdún 1992 ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ní Ìdófìàn, tí ẹni tó bá gba ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo lọ sí Ìlọrin yóò là kọjá, ni NCAM wà, ibùdó ìjọba àpapọ̀ fún ìlò ẹ̀rọ nínú iṣẹ́ àgbẹ̀, tí òfin ọdún 1990 fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Dídán ẹ̀rọ oko wò wà lára iṣẹ́ wọn. Ẹni tó bá lówó láti ra ti òkè òkun kò ṣẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló ni katakata tí awakọ̀ púpọ̀ sì ń gùn ún, nítorí iye ẹrù tí wọ́n kọ sí i lára máa ń dín àríyànjiyàn kù.

Kí pẹpẹ tuntun tó wọ oko, orí ilẹ̀ títẹ́jú ni kí wọ́n ti dán an wò, pẹ̀lú ohun tí ìwọ̀n rẹ̀ dájú, bí àpò ajílẹ̀ oní-kílò 50. Kí wọ́n gbé àpò kan sí i, kí awakọ̀ gbé pẹpẹ sókè díẹ̀, kó wà á lọ, kó sì yí ọwọ́ ọkọ̀ sọ́tùn-ún àti sósì. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n fi èkejì kún un. Àpò tó bá mú kí iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ ni kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n sì fi ọ̀dà kọ iye kílò tó kù sára pẹpẹ náà, níbi tí ẹni tó ń di ẹrù yóò ti máa rí i.