Àwo Orin Tí Tọkọtaya Kan Ṣe ní Àpápá

Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ní rẹ́kọ́ọ̀dù tó kún kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan ní ilé rẹ̀ ní Òde Oǹdó. Sunny Adé ló pọ̀ jù níbẹ̀, ọmọ ìlú wa kúkú ni. Orlando Owoh wà níbẹ̀, Àyìnlá Ọmọwúrà náà wà níbẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo tó jẹ́ ti òyìnbó ni Band on the Run. Àwọn èèyàn kan tò mọ́ ara ògiri lára páálí rẹ̀, iná ńlá tàn sí wọn lójú bíi ti ẹlẹ́wọ̀n tó fẹ́ sá tí wọ́n ká mọ́. Bàbá Kékeré ti ṣiṣẹ́ ní wáàfù Àpápá nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá sì ti mú àwo yìí jáde, gbólóhùn kan náà ló máa ń sọ: "Èkó ni wọ́n ti ṣe é o." Àwa ọmọdé a máa rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo wọ yunifásítì ní Àkúrẹ́, tí mo wá ń rí íntánẹ́ẹ̀tì lò dáadáa, ni mo tó mọ̀ pé òótọ́ pọ́ńbélé ni.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Paul McCartney wà lára àwọn mẹ́rin tí gbogbo ayé mọ̀ sí The Beatles. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta ọdún 1969 ló fẹ́ Linda Eastman, ọmọ Amẹ́ríkà tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ fọ́tò yíyà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ẹgbẹ́ Beatles tú ká. Ó lè wá ògbóǹtarìgì olórin èyíkéyìí tó bá wù ú láti bá a ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìyàwó ẹ̀ ló jókòó tì, tó kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń tẹ dùùrù, tó ní kí àwọn jọ máa kọrin. Ní 1971, àwọn méjèèjì gbé àwo kan jáde tó ń jẹ́ Ram. Paul and Linda McCartney ni wọ́n kọ sí i. Orúkọ ọkọ, orúkọ ìyàwó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ní ẹ̀tọ́ lórí orin tí Paul bá kọ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù. Ẹjọ́ ọ̀hún kò ṣòroó yé. Tó bá jẹ́ Paul nìkan ló kọ orin, àwọn ló ń gbowó ibẹ̀. Tí ìyàwó bá bá a kọ ọ́, ìpín kan ti bọ́ sọ́dọ̀ ìyàwó nìyẹn. Wọ́n ní obìnrin tí kò ṣe iṣẹ́ orin rí, kí ló mọ̀ tó fi máa bá irú ọkùnrin yẹn kọ orin? Wọ́n padà yanjú ẹ̀ láàárín ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbin ti ta sí aṣọ. Láti ìgbà náà, àwọn tó ń kọ̀wé nípa orin ń fi ohùn Linda ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ọkọ ló kàn ń fà á lẹ́yìn káàkiri.

Ní ìparí ọdún 1971 yẹn ni wọ́n ti kó àwọn míì mọ́ra, tí wọ́n sì sọ ẹgbẹ́ náà ní Wings. Nígbà tó fi máa di 1973, Paul McCartney and Wings ló wà lára páálí. Ẹ wo bí orúkọ ṣe ń rìn. Lọ́dún méjì péré, Linda ti kúrò lẹ́ni tó ń jẹ́ Linda, ó ti di ọ̀kan nínú ìyẹ́ apá.

Ọdún 1973 ọ̀hún ni wọ́n wá sí Èkó. Ilé iṣẹ́ EMI ní sítúdíò káàkiri ayé, Paul sì mú ti Èkó, ó rò pé oòrùn á máa ràn, ìlù á sì máa dún. Oṣù Kẹjọ ló dé! Ẹni tó bá mọ Èkó mọ ohun tí òjò máa ń fojú èèyàn rí ní àkókò yẹn. Kí wọ́n tó kúrò nílé pàápàá, Henry McCullough tó ń ta gìtá ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀; nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n wọ ọkọ̀ òfuurufú, Denny Seiwell onílù náà ní òun ò lọ mọ́. Àwọn mẹ́ta ló wá kù, Paul, Linda àti Denny Laine, pẹ̀lú Geoff Emerick tó máa bá wọn gba ohùn sílẹ̀. Àwọn ọmọ wọn obìnrin mẹ́ta bá wọn wá. Stella tó kéré jù, ẹni tí ayé padà mọ̀ mọ́ iṣẹ́ aṣọ, kò tíì pé ọmọ ọdún méjì.

Wharf Road ní Àpápá ni sítúdíò wà. Iṣẹ́ ò tíì parí níbẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n bá kò sì lè gbà ju ìlà ohùn mẹ́jọ lọ. Ìkẹjà ni wọ́n ń gbé. Paul ló lùlù, ló ta béèsì, ló tún ta gìtá. Laine ń ta gìtá. Linda wà nídìí dùùrù, òun náà sì ni ohùn kejì tó ń gbe orin.

Nígbà yẹn Gowon ló ń ṣèjọba, ọdún méjì ṣáájú ni wọ́n sì yìnbọn pa Ìṣọ̀lá Oyènúsì ní etíkun Bar Beach níṣojú gbogbo èèyàn, kí àwọn olè lè gbọ́n. Àwọn olè ò gbọ́n. Wọ́n ti kìlọ̀ fún tọkọtaya náà kí wọ́n má fẹsẹ̀ rìn lálẹ́, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn. Àwọn kan da ọkọ̀ dúró, wọ́n yọ ọ̀bẹ. Linda figbe ta, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má pa ọkọ òun. Wọn ò pa á, ṣùgbọ́n wọ́n kó ẹrù wọn lọ, àti àpò tí àwọn téèpù tí wọ́n fi ṣe ìdánrawò orin wà nínú ẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ tèmi á mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: kò sí bákọ́ọ̀pù. Orí ni wọ́n ti padà fa gbogbo orin náà yọ, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn. Láàárín iṣẹ́ náà, èémí gbé Paul lọ́jọ́ kan, ó ṣubú, wọ́n sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Sìgá ni wọ́n ní ó fà á.

Fẹlá ní tiẹ̀ pariwo pé òyìnbó wá jí orin aláwọ̀ dúdú. Kò burú láti fura. Àwo tirẹ̀, Gentleman, jáde lọ́dún yẹn lábẹ́ EMI kan náà, ó mọ bí àwọn ilé iṣẹ́ yẹn ṣe ń ṣe. Ó lọ bá wọn ní sítúdíò, Paul sì gbé téèpù sí i fún un kó fetí ara ẹ̀ gbọ́. Kò sí ohun Áfíríkà tí wọ́n jí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ bá tán. Ó dùn mọ́ mi pé Paul fúnra ẹ̀ ti sọ pé nígbà tí òun gbọ́ Fẹlá ní Shrine, ẹkún ló bọ́ lójú òun.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Fẹlá ti yí mi lórí díẹ̀ nìyí. Ní 1969, ní Los Angeles, obìnrin kan tó ń jẹ́ Sandra ni olólùfẹ́ ẹ̀. Òun ló fún un ní ìwé Malcolm X, Fẹlá kò sì fi pamọ́ rárá pé òun ló la òun lójú. "My Lady's Frustration", tí àwọn èèyàn kà sí ìpìlẹ̀ Afrobeat, torí obìnrin yìí ló ṣe ṣe é. Nígbà tí Sandra padà wá sí Èkó ní 1976, ohùn tirẹ̀ ló fi síwájú nínú "Upside Down". Ẹ lọ wá a nínú áàpù orin yín lónìí, abẹ́ orúkọ Fẹlá lẹ máa bá a. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bi àwọn òyìnbó léèrè pé ta ló jí orin ta, kò sẹ́ni tó ń bi wá léèrè àwọn tó wà nínú ilé tiwa.

Ó ku iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní sítúdíò Ginger Baker ní Ìkẹjà, níbi tí wọ́n ti bu òkúta wẹ́wẹ́ sínú agolo tí wọ́n ń mì ín fún orin kan. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kún ìlú! Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án wọ́n padà sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì bá lẹ́tà EMI nílé tó ń kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má lọ sí Èkó, pé àrùn onígbáméjì ń jà níbẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti parí àwo náà, ibẹ̀ náà ni Rẹ̀mí Kabaka, ọmọ Nàìjíríà, ti bá wọn lùlù nínú "Bluebird", orin ìfẹ́ tó wà níbẹ̀. Ẹ gbọ́ o: wọ́n wá sí Èkó, ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti rí ọmọ Nàìjíríà tó máa lùlù fún wọn.

Àwo náà jáde ní oṣù Kejìlá 1973. Ó gba ipò kìíní ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n tà ju mílíọ̀nù mẹ́fà lọ. Nínú ẹ̀bùn Grammy méjì tó gbà, ti ẹgbẹ́ tó kọrin jù ni ọ̀kan. Ẹ̀bùn ohùn nìyẹn. Linda, tí wọ́n ní kò lè kọrin, wà lára àwọn tó gbà á. Orúkọ òun àti ọkọ ẹ̀ ló wà lórí púpọ̀ nínú àwọn orin náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ wọ́n. Síbẹ̀, "àwo Paul" ni gbogbo ayé ń pè é. Obìnrin náà kú ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin 1998, àìsàn jẹjẹrẹ ọmú ló pa á.

Ìdí tí n kò fi lè gbé ọ̀rọ̀ yìí kúrò lọ́kàn rèé. Èmi àti ìyàwó mi jọ ń kọ kóòdù ní Àkúrẹ́ ni. Ọmọ Àkúrẹ́ lòun, wọ́n bí i nítòsí Ọjà Ọba. A kọ iṣẹ́ kan fún ilé ìwé kan, èyí tí wọ́n fi ń ṣírò èsì ìdánwò àwọn ọmọ. Ẹni tó ń kọ kóòdù mọ̀ pé Git kì í gbàgbé: ìlà kọ̀ọ̀kan, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Apá tó le jù nínú iṣẹ́ yẹn, orúkọ obìnrin ló wà níbẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lọ́jọ́ tí a lọ gbé e fún wọn, ẹni tó ni ilé ìwé na ọwọ́ sí mi, "Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o." Ó wá yíjú sí ìyàwó mi: "Màdáàmù náà sìn yín wá, ó dáa bẹ́ẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín. Mo gba ìwé sọ̀wédowó tí orúkọ mi nìkan wà lórí ẹ̀. Nígbà tí a ń padà sílé, kò sọ nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Ní ìlú tèmi, a ní obìnrin kan tí wọn ò lè yọ orúkọ ẹ̀ kúrò. Ìtàn Oǹdó sọ pé Púpùpú, obìnrin, ni Ọṣemàwé àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jọba, ọkùnrin ló sì ń jẹ ẹ́ láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n oyè Lóbùn wà títí dòní, obìnrin ló ń jẹ ẹ́, òun náà ló sì ń fi Ọṣemàwé jẹ. Mo sọ èyí fún ìyàwó mi, ó ní, "Ọmọ Ekìmògún, kí ni mo fẹ́ fi oyè ṣe? Orúkọ mi ni kí ẹ kọ."

Iṣẹ́ tuntun kan dé lóṣù tó kọjá. Mo kọ ìwé àdéhùn, mo fi orúkọ tirẹ̀ ṣáájú, mo fi nọ́ńbà fóònù ẹ̀ sí i, mo sì fi ìwé náà hàn án. Ó kà á tán, ó ní kí n dá nọ́ńbà padà sí tèmi, pé òun ò fẹ́ kí oníbàárà kankan máa pe òun láago márùn-ún ìdájí. Orúkọ, ó ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.