Friedrich Kellner àti Ìdílé Rẹ̀ Lábẹ́ Ìjọba Násì

Friedrich Kellner (1885–1970) jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́ onípò àárín ní ilẹ̀ Jámánì. Ìlú Mainz ló ti bá ẹgbẹ́ òṣèlú Social Democrat polongo lòdì sí Hitler. Ní 1933, ọdún tí Hitler gba ìjọba, ó kó aya rẹ̀ Pauline àti ọmọ wọn kan ṣoṣo lọ sí Laubach, wọ́n sì ń gbé inú ilé ẹjọ́ ibẹ̀. Ní 1935 wọ́n rán ọmọ náà lọ sí Amẹ́ríkà, kí wọ́n má baà mú un wọ iṣẹ́ ogun.

Nígbà tí wọ́n kọlu àwọn Júù ìlú náà ní 1938, tọkọtaya yìí gbìyànjú láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwọn aláṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí tú ìran Pauline wò, bóyá ẹ̀jẹ̀ Júù wà lára rẹ̀. Ní 1940 wọ́n kìlọ̀ fún Kellner pé bí kò bá ṣọ́ra, àgọ́ ìfìyàjẹni ni òun àti aya rẹ̀ yóò bá ara wọn.

Inú ìwé ìrántí tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ní 1939 ló ń tú ọkàn rẹ̀ sí, ní ìkọ̀kọ̀; ó kún ìwé mẹ́wàá. Ìjọba tí ó ń kọ̀wé takò yìí náà ló sì ń san owó oṣù rẹ̀! Ní 28 oṣù Kẹwàá 1941, ó kọ ohun tí ọmọ ogun kan tó wá sinmi nílé sọ: ní Poland, wọ́n to àwọn Júù lọ́kùnrin lóbìnrin sí etí kòtò gígùn ní ìhòòhò, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n. Níbí gan-an ni iyì ìwé náà wà. Òṣìṣẹ́ ìlú kékeré tí kò ní àṣírí ìjọba kankan lọ́wọ́ gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ará Jámánì sì sọ lẹ́yìn ogun pé àwọn kò mọ nǹkan kan.

Ọmọ wọn wọ aṣọ ogun Amẹ́ríkà padà sí Yúróòpù, ó sì kú ní 1953. Ọmọ-ọmọ wọn ni Kellner fi ìwé náà lé lọ́wọ́ ní 1968. A tẹ̀ ẹ́ jáde ní Jámánì ní 2011.