Òkè Kírìjì Lórí Kẹ̀kẹ́

Ẹ̀yin ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí nílé àti lẹ́yìn odi, ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ogun Kírìjì fi pẹ́, kí ó gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti Iléṣà, kí ó gba Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà àti Ẹ̀sà-Òkè, níbi tí ọkọ̀ kò pọ̀, dé Ìmẹ̀sí-Ilé. Orúnkún rẹ̀ yóò sọ fún un! Ibẹ̀ ni Èkìtì Parapọ̀ pàgọ́ sí, Ògèdèǹgbé ni olórí ogun, Fábùnmi wa sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ìbàdàn dó sí Ìgbájọ. Òkè pẹ̀lú ìbọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni borí. Ní ọjọ́ 23 Oṣù Kẹsàn-án, 1886, wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà.

Láti ilé wa, a óò gba Ìtàwùrẹ̀ (ẹ ṣọ́ra, ọkọ̀ pọ̀ níbẹ̀) sọ̀kalẹ̀ sí Erin-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí omi Olúmirin ti ń já, kí a tó padà dé Iléṣà.