Ta Ni Ó Ṣe É? Ìtàn Iṣẹ́ Ọnà Dígí láti Ilé-Ifẹ̀ dé Yábàá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àrọ́bá pàápàá kì í sábà gbé dé etí ọmọ, èyí ni orúkọ oníṣẹ́ ọnà. Ìtàn iṣẹ́ ọnà dígí fi èyí hàn gbangba.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń kó agogo kéékèèké tí a fi dígí ṣe jọ. Agogo wọ̀nyí kì í ṣe irú èyí tí à ń lù ní ilé ìwé tàbí ní ojúbọ. Wọ́n ń tò wọ́n sílé fún wíwò ni. Ilé iṣẹ́ Fenton, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1905, wà lára àwọn tí ó gbajúmọ̀ fún ṣíṣe wọn. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kun òdòdó àti ẹyẹ sí wọn lára, wọn a sì tún fi wọ́n sínú iná kí ọ̀dà náà lè yọ́ mọ́ dígí. Ẹni tí ó kùn ún a sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ní ọdún 2011 ni ilé iṣẹ́ náà dáwọ́ dígí ṣíṣe dúró, síbẹ̀ ẹni tí ó bá ra irú agogo bẹ́ẹ̀ lónìí ṣì lè ka orúkọ ẹni tí ó kùn ún.

Nílẹ̀ Yorùbá, dígí kì í ṣe àjèjì. Kí ọkọ̀ òyìnbó tó gúnlẹ̀ sí Èkó ni àwọn ará Ilé-Ifẹ̀ ti ń fi dígí ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ní Igbó Olókun. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹnì kan ṣoṣo kò kù nínú wọn. Nígbà tí Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ifẹ̀ ní ọdún 1910, ó rí iṣẹ́ ọnà tí ó yà á lẹ́nu. Dípò kí ó gbà pé àwọn baba ńlá Yorùbá ni ó ni ọgbọ́n náà, ó ní láti Atlantis, erékùṣù inú ìtàn àwọn Gíríìkì, ni ó ti ṣẹ̀ wá. Ohun tí olóhun kò kọ sílẹ̀, àlejò bá a kọ ọ́ bí ó ti wù ú.

Ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún kí ìdáhùn tó péye tó dé. Ní ọdún 2011 àti 2012, Abídèmí Babátúndé Babalọlá, onímọ̀ ìwalẹ̀pìtàn, wa ilẹ̀ Igbó Olókun. Ó rí ìlẹ̀kẹ̀ dígí tí ó lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ dígí. Àyẹ̀wò fi hàn pé èròjà dígí náà yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun. Ifẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ṣe é.

Iṣẹ́ ọnà dígí kò parí sí Ifẹ̀. Yusuf Grillo, ọmọ Èkó tí a bí ní ọdún 1934, jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní Yabatech fún nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Yàtọ̀ sí àwòrán aláwọ̀ aró tí ó sọ ọ́ di olókìkí, ó ṣe fèrèsé onídígí aláràbarà fún àwọn ilé ìjọsìn. Nínú irú iṣẹ́ yìí, a máa ń gé dígí aláwọ̀ oríṣiríṣi, a ó sì fi òjé so wọ́n pọ̀ títí wọn yóò fi di àwòrán. Grillo di olóògbé ní ọdún 2021.

Agogo dígí ṣeé gbé pamọ́ sínú àpótí. Fèrèsé kò ṣeé gbé. Bí wọ́n bá ń tún ilé kọ́, òòlù kan ṣoṣo tó láti fọ́ ọ. Nítorí náà, ìwé àkọsílẹ̀ ni àpótí tirẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí àwọn ilé ìjọsìn àtijọ́ ní Yábàá, Sùúrùlérè àti Múṣin. Kí wọ́n gba àṣẹ, kí wọ́n ya àwòrán fèrèsé, kí wọ́n sì bi àwọn àgbà ìjọ pé: ta ni ó ṣe é, ní ọdún wo? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí àlejò mìíràn má baà tún wá bá wọn kọ ọ́.